Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÌTỌ́JÚ ỌKỌ̀ AYỌ́KẸ́LẸ́ ÀTI ÌṢỌ́RA NÍ Ẹ̀BÁ TÍTÌ

(a) Irú àròkọ tí èyí jẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ nípa àròkọ aṣàpèjúwe. Èyí tí a fẹ́ kọ́ lónìí yàtọ̀ sí i. Àròkọ alálàyé ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò mọ nǹkan lè mọ bí a ti ń ṣe é, kí ó sì mọ ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe nínú irú àròkọ yìí. Wọn a máa to àṣẹ jọ báyìí pé: ‘Yẹ táyà wò. Yẹ bíréèkì wò. Yẹ ọ́ìlì wò. Má sáré.’ Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àlàyé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á kò tíì mọ ohun tí yóò wò lára táyà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá wò ó. Nítorí náà, ìlànà kan ni kí o dì mú ṣinṣin nínú ẹ̀kọ́ yìí: ohunkóhun tí o bá ní kí ènìyàn ṣe, sọ bí yóò ti ṣe é, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

(b) Orí-ọ̀rọ̀

‘Ṣàlàyé bí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó rin ìrìn-àjò, àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí ọkọ̀ náà bá takú lójú ọ̀nà.’

(d) Ìtúpalẹ̀ orí-ọ̀rọ̀

Kí o tó fi kálámù kan ìwé, ka orí-ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí: ìtọ́jú ṣáájú ìrìn-àjò, àti ìṣọ́ra bí ọkọ̀ bá takú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi gbogbo ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa táyà àti ọ́ìlì, tí ó wá fi gbólóhùn kan péré dárúkọ ẹ̀bá títì, ìdajì ìbéèrè ni ó dáhùn.

Tún ṣàkíyèsí pé ‘ẹni tí ó ní ọkọ̀’ ni wọ́n wí, wọn kò wí pé mẹkáníìkì. Má ṣe kọ́ òǹkàwé bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ohun tí ojú, etí, imú àti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè mọ̀ ni kí o sọ.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, ‘Kò sí mọ́tò nílé wa.’ Kò burú. O ti wọ ọkọ̀ rí, o sì ti rí ọkọ̀ tí ó takú. Bi awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì àdúgbò rẹ léèrè ọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ẹni tí ó béèrè kì í ṣìnà.

(e) Ìlapa èrò

(i) Ìfáàrà: ìṣẹ̀lẹ̀ kúkúrú kan tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.
(ii) Àmì tí ọkọ̀ máa ń fi hàn kí ó tó takú.
(iii) Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
(iv) Táyà, iná, wáìpà àti bíréèkì.
(v) Ohun èlò tí ó yẹ kí ó wà nínú búùtù.
(vi) Bí ọkọ̀ bá takú: ibi tí a ó dúró sí, àmì tí a ó gbé sílẹ̀, ibi tí àwọn èrò yóò wà.
(vii) Àtúnṣe tí a lè ṣe àti èyí tí a kò gbọ̀dọ̀ ṣe.
(viii) Ìkádìí.

(ẹ) Àpẹẹrẹ àròkọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi ń wa ọkọ̀ wa láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá mi, àbúrò mi àti èmi ni a jọ wà nínú rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà ti ń han ṣooro nígbàkúùgbà tí bàbá mi bá ṣáná sí i ní òwúrọ̀. Màmá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi dáhùn pé, ‘Bí a bá ti dé, n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.’ Kí a tó dé Ògèrè, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì já. Iná pupa tàn níwájú bàbá mi, ọwọ́ géèjì gòkè, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi yà sí ẹ̀bá títì, ó ṣẹ́ ewé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti máa ń ṣe, ó sì dúró níbẹ̀ láti ṣí búùtù. Ìyá àgbà kan tí ó ru igi bọ̀ láti oko ni ó pariwo pé, ‘Ẹ kúrò lẹ́yìn mọ́tò yẹn o! Wọ́n ti pa ẹnìkan níbẹ̀ rí! Ẹ kó àwọn ọmọ wọnú koríko!’ A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú koríko tán ni ọkọ̀ akẹ́rù kan gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wa kọjá, tí ó gbá iná ẹ̀yìn àti igun búùtù wọlé. Kò tilẹ̀ dúró. Ibi tí bàbá mi dúró sí ni ó gbà kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìtọ́jú ọkọ̀ àti ìṣọ́ra ní ẹ̀bá títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Àbùkù kékeré tí a kò tún ṣe nílé ni ó gbé wa dúró sí ojú ikú.

Ọkọ̀ kì í sábà ṣàdédé takú. Yóò ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń han ní òwúrọ̀, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀ tàbí pé ó ti gbó. Bí a bá rí ọ́ìlì tàbí omi nílẹ̀ níbi tí a gbé e sí mọ́jú, nǹkan ń jò. Bí rọ́bà bá ń rùn tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rì wọlé lórí bíréèkì, kí onímọ́tò má ṣe wí pé ‘ó di ọ̀la’. Àwọn iná kéékèèké tí ó wà níwájú awakọ̀ náà ní èdè tiwọn. Iná aláwọ̀ ìyeyè ń wí pé kí a tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí èyí tí ó pupa bá tàn lójú ìrìn, kí a wá ibi tí kò léwu kí a dúró. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Kí onímọ́tò tó jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ọ́ìlì ni kí ó kọ́kọ́ wò. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Kí ó fa igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí ó fi àkísà nù ún, kí ó kì í bọ inú rẹ̀ padà, kí ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọdọ̀ wà láàárín àmì méjì tí ó wà lára igi náà. Bí kò bá tó, irin yóò máa ha irin, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọkú. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo omi radiétọ̀, nítorí omi yìí ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Kí ó wo ìgò kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀. Bí èyí bá ń lọ sílẹ̀, kí ó má ṣe kàn bu òmíràn sí i. Ó lè jẹ́ pé ó ń jò, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ń di táyà mú ti jẹ tán. Kí ó tọ mẹkáníìkì lọ. Kí ó tún fi ojú wo bẹ́líìtì bóyá ó ti sán tàbí ó ti ń ya, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì ni ó ń mú kí omi yí ẹ́ńjìnnì ká, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí bátìrì rí iná gbà.

Táyà ni bàtà ọkọ̀. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí a wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, nítorí táyà tí ó ti rìn yóò ti gbóná, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì tan ènìyàn jẹ. Iye tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń wà lára ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò máa tẹ̀ bí ó ti ń yí, títẹ̀ yìí yóò máa mú un gbóná, gbígbóná yìí ni yóò sì mú un bẹ́ lórí eré. Kí a wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí jíjìn àwọn ìlà ojú táyà dín ní mìlímítà 1.6, nítorí àwọn ìlà náà ni omi òjò ń gbà kọjá kí táyà lè di títì mú. Ọjọ́ orí táyà tún ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra táyà tokunbọ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì dára, wọ́n gbàgbé pé rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Kí a má sì gbàgbé táyà kejì tí ó wà nínú búùtù, nítorí ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a mọ̀ pé kò ní afẹ́fẹ́.

Kí onímọ́tò tan iná iwájú, kí ó sì bẹ ẹnìkan kí ó bá a wo iná ẹ̀yìn bí ó ti ń tẹ bíréèkì. Iná iwájú ni a fi ń ríran, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn ni a fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí wa. Kí ó dán wáìpà wò kí òjò tó dé. Bí ó bá ti gbé ọkọ̀ jáde, kí ó kọ́kọ́ dán bíréèkì wò níwájú ilé, níbi tí kò sí ènìyàn, kí ó tó bọ́ sí ojú títì.

Kò yẹ kí búùtù ṣófo kí a sì máa rin ìrìn-àjò. Jáàkì, sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì táyà mu, omi, iná tọ́ọ̀ṣì, ohun èlò ìtọ́jú ọgbẹ́, agolo tí a fi ń pa iná, àti àmì onígun mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ ń pè ní síkọ́ṣọ̀n gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Kí a má ṣe kó ẹrù lé wọn lórí tí a kò fi ní lè tètè mú wọn.

Bí a ti ṣọ́ra tó, ọkọ̀ ṣì lè takú. Bí ó bá ń fì, kí awakọ̀ tan tírafíkétọ̀, kí ó rọra yà kúrò lójú títì pátápátá. Kí ó má ṣe dúró sí ibi tí títì gbé kọ kọ́rọ́ tàbí ẹ̀yìn òkè, nítorí àwọn tí ń bọ̀ kò ní rí i títí wọn yóò fi dé orí rẹ̀. Bí táyà bá bẹ́ níbi tí ó léwu, ó sàn kí a rọra fi rímù wọ́ ọ dé ibi tí ó gbòòrò. Táyà àti rímù ní iye owó. Ẹ̀mí kò ní.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí awakọ̀ tan gbogbo tírafíkétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí gbogbo èrò gba ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí títì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dúró sí iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀yìn ni irin méjì yóò há mọ́ àárín bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù ú. Lẹ́yìn èyí ni kí awakọ̀ gba inú koríko lọ gbé síkọ́ṣọ̀n sílẹ̀. Lójú ọ̀nà kékeré, kí ó rìn tó ìṣísẹ̀ àádọ́ta sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ó rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá eré bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí awakọ̀ rẹ̀ tó rí àmì, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ilẹ̀ ti lọ. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ èyí tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí ó sì ń gbà bọ̀, kí ó gbé òmíràn sí iwájú. Ewé tí a ń ṣẹ́ sílẹ̀ sàn ju àìsí lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn lè gbé e, kì í sì í dán ní òru bí síkọ́ṣọ̀n ti ń dán bí iná mọ́tò bá tàn sí i. Bí ibẹ̀ bá léwu tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè rìn, kí a fi àmì sílẹ̀, kí a gba ẹ̀mí là.

Àtúnṣe kan kò yẹ kí a kánjú ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, a kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí radiétọ̀. Omi tí ó há mọ́ inú rẹ̀ lè gbóná ju omi tí ń hó nínú ìkòkò lọ, bí a bá sì ṣí i, yóò tú jáde, yóò bó ènìyàn lójú. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a dúró títí yóò fi tutù dáadáa. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ táyà, kí ilẹ̀ ibẹ̀ le kí ó sì tẹ́jú, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a fi òkúta dí táyà tí ó kọjú sí èyí tí a fẹ́ yọ. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì kí a tó gbé ọkọ̀ sókè, nítorí táyà tí kò kan ilẹ̀ yóò máa yí mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró. Bí táyà náà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, tí àyè kò sì sí, kí a má ṣe é. Kí a pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122. Bí a bá sì ti ṣe tán, kí a kó gbogbo òkúta àti ewé kúrò lójú títì, kí àmì tí ó gba tiwa là má baà di ohun tí yóò pa ẹlòmíràn.

Bẹ́líìtì tuntun kò wọ́n tó owó tí bàbá mi fi tún iná ẹ̀yìn ṣe. Ṣùgbọ́n igun búùtù tí ó tẹ̀ wọlé, kò jẹ́ kí wọ́n nà á. Ó ní kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ní òròòwúrọ̀ tí ó bá fẹ́ rin ìrìn-àjò, yóò fi ọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni yóò lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

(f) Àlàyé lórí àròkọ yìí

(i) Ìtàn tí ó wà nínú ìfáàrà kò gùn. Ó wọlé, ó fi ewu hàn, ó sì kúrò. Nínú ìkádìí ni a tó padà sí i. Bí o bá jẹ́ kí ìtàn gba ìwé mọ́ ọ lọ́wọ́, àròkọ rẹ yóò di oníròyìn, yóò sì yà kúrò lórí ohun tí wọ́n béèrè.

(ii) Wo iye ìgbà tí ‘nítorí’ àti ‘ìdí ni pé’ jáde. Fi èyí wé gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan: ‘Bí mọ́tò bá takú, a gbọdọ̀ gbé síkọ́ṣọ̀n sílẹ̀.’ Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e sí ìṣísẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn náà ti ṣe bí gbólóhùn yìí ti wí, kò sì gba ẹnikẹ́ni là. Àlàyé nípa eré àti ìṣísẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́.

(iii) Òwe méjì péré ni a pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà ní ààyè rẹ̀. Má ṣe da òwe bo àròkọ bí ẹni da iyọ̀ bo ọbẹ̀.

(iv) Ọ̀rọ̀ àyálò pọ̀ nínú iṣẹ́ mọ́tò. Kọ wọ́n bí ahọ́n Yorùbá ti ń pè wọ́n: ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, radiétọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì, tírafíkétọ̀. Bí o bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà kan, má ṣe kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn ní ìsàlẹ̀ ìwé.

(v) Bí o bá fẹ́ lo ọdún tàbí nọ́ńbà, kí ó jẹ́ èyí tí ó dá ọ lójú. Fún àpẹẹrẹ, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà tí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀.

(g) Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ṣe ìlapa èrò rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

1. Bí ọlọ́kadà ṣe lè tọ́jú alùpùpù rẹ̀ kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe.
2. Ìṣọ́ra tí ó yẹ kí awakọ̀ ṣe ní àsìkò òjò.
3. Ohun tí ó yẹ kí èrò inú ọkọ̀ ṣe bí awakọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé.
4. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tokunbọ̀, kí o sì gbà á nímọ̀ràn lórí ohun tí ó yẹ kí ó yẹ̀ wò kí ó tó gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Bí o bá kọ ọ́ tán, fún ẹnìkan tí kò wa ọkọ̀ rí kà. Bí ó bá lè sọ ohun tí yóò ṣe àti ìdí tí yóò fi ṣe é, o ti gba máàkì rẹ.